Ihò Tí Ẹ Gé sí Orí Pàkúté

                                                  Ilé Nakaura,
                                                  Abúlé Kuwadani,
                                                  Tòkúṣímà, Ṣíkókù.
                                                  Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejìlá, 2022.

Ẹ̀gbọ́n mi Kanae, ẹni ọ̀wọ́n tó mọ irin í gé,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú Ósákà. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dun bàbá Misato ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Misato fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé eyín iwájú méjèèjì tó ká ti hù padà? Ìyá ọkọ yín ńkọ́, àwọn tó sọ fún mi níjọ́sí pé orí òkè tí mo ń gbé dára fún ẹni tí kò bá ní nǹkan mìíràn láti ṣe? Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní mo ṣì ń wá nǹkan mìíràn náà.

Níbí, a dúpẹ́. Ara mi le. Orúnkún Bàbá àgbà kò le, ṣùgbọ́n ẹnu wọn le títí di oṣù Kẹwàá. Láti oṣù Kẹwàá ni ẹnu náà kò ti le mọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n mú bébà.

Ẹ ó rántí pé mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù lóṣù tó kọjá. Nígbà àkọ́kọ́, a fi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún sọ̀rọ̀ ráádìṣì funfun. Nígbà kejì, a sọ̀rọ̀ òjò. Ó yẹ kí ẹ ti fura. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí tó lè gbà pé mo ní ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún láti bá ráádìṣì sọ. Nǹkan mìíràn ló wà lẹ́nu mi, kò kàn jáde ni.

Béárì wa, Aláàbọ̀ Oṣù, ti kú. Inú pàkúté Bàbá àgbà ló kú sí, pàkúté tí ẹ gé ihò sí lórí. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò báyìí, pé ihò náà kéré jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò yín kò ní àbùkù kankan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ létòlétò.

Nígbà tí ẹ kúrò nílé, ènìyàn mọ́kànlélógún là ń jẹ́ ní Kuwadani. A ku mẹ́sàn-án. Béárì tó kù ní gbogbo erékùṣù yìí, àwọn tí ń kà wọ́n ní wọ́n lè tó ogún, wọ́n sì lè lé díẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n pọ̀ jù wá lọ ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ àwa là ń kéde lórí gbohùngbohùn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ pé béárì wà nítòsí, kí kálukú ṣọ́ra. Ìyá Tokie náà ló ṣì ń kéde rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, béárì kò bu ẹnikẹ́ni jẹ ní abúlé wa. Mo máa ń rò ó pé bóyá àwọn náà ní gbohùngbohùn tiwọn lókè lọ́hùn-ún, tí ń kìlọ̀ fún wọn nípa wa. Bí wọ́n bá ní in, kò dún tó.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Mo lo ọdún márùn-ún ní pólì, wọ́n kọ́ mi ní iṣẹ́ iná mànàmáná, mo gbàwé ẹ̀rí, mo wá ń fi oyin pa òpó nínú igbó. Béárì á nàró láti lá oyin náà, kámẹ́rà á ya àyà rẹ̀, àwa á sì fi àmì funfun tó wà níbẹ̀ mọ ẹni tó jẹ́. Ìlú ìsàlẹ̀ náà ní béárì tirẹ̀, èyí tó ní síìpù lẹ́yìn, tí ń jó níwájú ilé ìtajà lọ́jọ́ ọdún. Ẹyọ kan péré ni, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú béárì, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọ aṣọ rẹ̀.

Aláàbọ̀ Oṣù kò ní síìpù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ rí i lójúkojú, lọ́dún tí ẹ lọ já ewébẹ̀ lẹ́bàá odò tí ẹ sì sáré délé láìmú agbọ̀n bọ̀. Àmì àyà àwọn yòókù dà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Tirẹ̀ gé sí méjì láàárín, apá òsì kéré sí apá ọ̀tún, bí ìgbà tí ọmọdé fi ọwọ́ nu àwòrán kó tó gbẹ. Nọ́ńbà Méje ni nínú ìwé iṣẹ́ wa. Bàbá àgbà ló fún un ní orúkọ tó ń jẹ́. Ìyá Tokie máa ń sọ pé obìnrin kan ṣoṣo tó ń yà sọ́dọ̀ Sukegoro, bí wọ́n ṣe ń pe Bàbá àgbà, láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú nìyẹn: a jẹun, kì í sọ̀rọ̀, kì í fọ abọ́.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi tẹ̀lé e. Mo mọ ìrìn rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìbátan wa lọ. Bó bá jáde nínú ihò igi lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí kò jẹ tí kò mu, ewé tútù ló kọ́kọ́ ń jẹ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń ṣínu ààwẹ̀. Nígbà ooru, èèrà ni. A yí òkúta, a lá ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, a bá tirẹ̀ lọ. Kì í dá òkúta padà sáyè rẹ̀. Bó bá di ìgbà tí ewé ń wọ́, a gun igi nara, a jókòó síbi tí ẹ̀ka ti pín sí méjì, a máa ṣẹ́ àwọn ẹ̀ka kéékèèké sọ́dọ̀, a jẹ èso orí wọn, a sì ki èyí tó jẹ tán sábẹ́ ìdí. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ohun tó kù sókè a dà bí ìtẹ́ ẹyẹ tí ẹyẹ rẹ̀ wúwo tó èmi. Òun nìkan ní ń rìn. N kò rí i pẹ̀lú ẹlòmíràn rí àfi ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Keje ọdún tó kọjá, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àbúrò ń kọ sí ẹ̀gbọ́n.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló fà á tó fi jáde pẹ̀lú ọmọ ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí kámẹ́rà wa ti rí ọmọ béárì gbẹ̀yìn. Mo sáré gbé fọ́tò náà lọ fún Bàbá àgbà. Wọ́n wò ó pẹ́.

Wọ́n ní, "Ta ni bàbá ẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Wọ́n ní, "Ìjọba ń sanwó fún ẹ, o ò sì mọ̀."

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí mo gbé fọ́tò náà wá, wọ́n lọ gbé ilé oyin kọkànlá nàró lábẹ́ àpáta ńlá, oṣù kan ṣáájú ìgbà tí wọ́n máa ń gbé e. Ẹ rántí èyí tó wà lábẹ́ àpáta. Mẹ́wàá tó kù wà nínú wáyà oníná. Ìkọkànlá kò ní wáyà, nítorí pé bàbá wọn ti kọ́ wọn pé ẹni tó bá ń kó oyin lórí òkè gbọ́dọ̀ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún òkè. Ọdọọdún ni Aláàbọ̀ Oṣù ń wó o. Ọdọọdún náà ni Bàbá àgbà ń bú u bí wọ́n ti ń ṣa èérún rẹ̀: "Olè. Aláìmoore. Wo bó ṣe ya á sí méjì. Ṣé kò lè fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ṣí i ni?" Wọ́n á tún un fọ̀, wọ́n á fi ìda oyin pa inú rẹ̀ kí oyin mìíràn lè tètè wọ̀ ọ́.

Lọ́dún yìí, igi nara kò so. N kò sọ pé kò so dáadáa. Kò so ni. Kédárì tí ìran àwọn bàbá wa gbìn nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n gbìn ín ti gba òkè lọ́wọ́ àwọn igi eléso, nítorí náà ibi tí nara bá kọ̀ láti so, kò sí ibòmíràn tí béárì lè lọ. Kédárì dára fún òpó ilé. Béárì kì í jẹ òpó. Bó ti di oṣù Kẹsàn-án, ẹsẹ̀ Aláàbọ̀ Oṣù àti ti ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, nítòsí oko ànàmọ́ wa.

Orí oko ànàmọ́ yẹn ni pàkúté onírin tó dà bí àgò ńlá náà wà, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni a sì gbé e sílẹ̀ dè. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gé ihò náà? Àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ló wá sọ fún gbogbo onípàkúté lágbègbè wa pé kí wọ́n ṣí òkè rẹ̀, torí ẹlẹ́dẹ̀ kì í gun nǹkan, béárì a máa gùn. Ẹ̀yin lẹ gé e, iná irin sì jó apá aṣọ yín. Bàbá àgbà jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń wò yín.

Wọ́n ní, "Pàkúté oníhò. Ó ku kí o bá mi lu ìdí garawa yìí náà, kí n máa fi pọnmi."

Ẹ ní, "Bàbá, ẹlẹ́dẹ̀ yín, ṣé ó mọ igi í gùn?"

"Kò mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá ń dùn yín?"

Ẹ fi fáìlì tí a fi ń pọ́n irin ra etí ihò náà títí ó fi dán, kí ó má baà ya béárì níkùn. Láti ọjọ́ náà, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́tàdínlógójì ló ti kó sínú rẹ̀, kò sí èyí tó jáde. Béárì kan wọ̀ ọ́ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó sì gba òkè jáde. Bàbá àgbà ṣa irun dúdú tó lẹ̀ mọ́ etí ihò, wọ́n wé e sínú bébà súwíìtì, wọ́n fi sínú dúrọ́ọ̀ lábẹ́ pẹpẹ tí fọ́tò Màmá àgbà wà. Wọn kò sọ fún yín. Wọn kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá ni ín.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ihò tí béárì ń bá jáde, ọ̀bọ ń bá a wọlé. Lọ́dún tí igi kò so, ebi ń pa ọ̀bọ náà. Wọ́n á gba orí wọ inú pàkúté, wọ́n á jẹ èérí ìrẹsì tí a fi ṣe ìjẹ, wọ́n á tẹ ilẹ̀kùn jábọ́, wọ́n á gba orí jáde. Ní gbogbo òwúrọ̀, ilẹ̀kùn á ti wálẹ̀, ìjẹ á ti tán, inú rẹ̀ á ṣófo. Bàbá àgbà á gun òkè fún ogójì ìṣẹ́jú pẹ̀lú orúnkún ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin láti tún un dẹ. Ọjọ́ mọ́kànlá tó tẹ̀ léra ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ sì ń hú ànàmọ́ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọn kò tilẹ̀ yáwọ́.

Ní ọjọ́ kejìlá, Ìyá Tokie pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ní, "Sukegoro, mo gbọ́ pé o ti ṣílé oúnjẹ fún ọ̀bọ. Ṣé wọ́n máa ń kí ẹ kú iṣẹ́ tí wọ́n bá yó?"

Bàbá àgbà ní, "Tó o bá níṣẹ́ lọ́wọ́ ni, Tokie, o ò ní máa ka ọ̀bọ mi."

"Ọmọ kékeré yìí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ẹ́ lọ."

"Ojú ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé ẹ̀rín tí a rín gbẹ̀yìn nìyẹn, àti nítorí pé Ìyá Tokie kò tíì dárí ẹ̀fẹ̀ yẹn ji ara wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá àgbà yọ ilẹ̀kùn irin lára ẹ̀rọ tí a fi ń mú ìrẹsì gbẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e gun òkè, wọ́n gbé e lé ihò yín, wọ́n sì fi bóòtù mẹ́rin àti sípánà dè é. Fún ìgbà díẹ̀ ni. Títí a ó fi wa ànàmọ́ tán. Wọn kò sọ fún ẹnì kankan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìjì ńlá jà. Wọ́n ti pinnu láti lọ sọ ilẹ̀kùn pàkúté náà kalẹ̀ ṣáájú ìjì, kí nǹkan kan má baà kó sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjì náà fi ọjọ́ kan ṣáájú ohun tí rédíò sọ. Òkè ya lulẹ̀, ó gbé afárá kékeré lọ. Ìyá Tokie ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá àgbà fi dúró lójú fèrèsé. Mo rò pé ànàmọ́ ni wọ́n ń rò.

Ní ọjọ́ kẹrin, odò fà, a fi okùn kọjá. Wọ́n yára jù mí lọ. Orúnkún yẹn kò dun wọ́n lọ́jọ́ náà. Bí a ti yọ sí oko, wọ́n dúró, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn kí n má sún mọ́ iwájú.

Ọmọ Aláàbọ̀ Oṣù ni mo kọ́kọ́ rí. Ó jókòó sórí pàkúté, lórí irin pẹlẹbẹ náà gan-an, níbi tí ihò yẹ kó wà. Gbogbo ara rẹ̀ ló tutù. Ó wò wá. Kò sá títí a fi sún mọ́ ọn tó ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ inú kédárì lọ.

Aláàbọ̀ Oṣù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti kú, bóyá láti àná. Ó ti fi eyín jẹ irin títí eyín fi ṣẹ́. Èékánná ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti tán. Òjò ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, nítorí náà ohun gbogbo mọ́ tónítóní, bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Abẹ́ irin pẹlẹbẹ náà ti wú sókè níbi tó ti ń fi orí kàn án. Ó mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kò gbá igun kankan tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ nìkan. Ó ti gba ibẹ̀ jáde rí.

Lórí irin náà, níta, ìlà èékánná kéékèèké wà, wọ́n pọ̀ lọ bí ìlà inú ìwé ọmọ ilé-ìwé.

Bàbá àgbà ṣí fìlà. Wọ́n fi ọwọ́ mi bóòtù kọ̀ọ̀kan wò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tó mì. Wọ́n ní, "Mo dè é dáadáa."

Òṣìṣẹ́ ìjọba méjì wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Wọ́n wọn òkú rẹ̀: kílò mẹ́rìnlélógójì, ẹni tó yẹ kó tó ọgọ́ta kó tó lọ sùn. Wọ́n wo gbòǹgbò eyín tó kù, wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Lórí fọ́ọ̀mù, ibì kan wà tí wọ́n kọ "Ohun tó fa ikú" sí. Bàbá àgbà gba bírò lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀, Nakaura Sukegoro, lẹ́tà gàdàgbà.

Ọmọkùnrin náà ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Àyè yẹn, ti àìsàn ni, tàbí ọkọ̀, tàbí ìbọn. Kò sí àyè fún orúkọ èèyàn."

Bàbá àgbà ní, "Ẹ wá àyè fún un."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìlú ìsàlẹ̀ fi káàdì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́. Béárì oní-síìpù ló wà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́. Mo rò pé káàdì mìíràn ti tán ní ọ́fíìsì wọn.

Láti ìgbà náà ni Bàbá àgbà ti pa iná wáyà ilé oyin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Wọ́n ká wáyà náà, wọ́n kó o sínú yàrá ẹrù. Wọ́n ní ọmọ náà kò tíì mọ ibi tí oúnjẹ wà, ìyá rẹ̀ kò tíì kọ́ ọ tán. Òótọ́ ni. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló yẹ kí ọmọ béárì fi tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń fi igi tó ṣófo hàn án, ibi tí yìnyín kì í wọ̀, tí wọ́n jọ ń sùn nígbà òtútù àkọ́kọ́. Èyí ní oṣù mẹ́jọ péré. Títí di òní, kò sí béárì tó fọwọ́ kan ilé oyin náà; òtútù nìkan ló pa oyin inú méje nínú wọn.

Ìyá Tokie gun òkè wá, nínú ọjọ́ orí wọn, wọ́n ní, "Sukegoro, dá iná wáyà ẹ padà. O fẹ́ pa oyin mọ́ ọn ni?"

Bàbá àgbà kò fún wọn lésì ọ̀rọ̀ kankan. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọgọ́ta ọdún ni àwọn méjèèjì ti ń bú ara wọn, kò sí ìgbà tí Bàbá àgbà jẹ wọ́n ní gbèsè èsì rí. Ìyá Tokie wò wọ́n, wọ́n bá jókòó tì wọ́n, wọ́n ń bó èso kákì. Wọ́n ń wá lójoojúmọ́ báyìí. Bàbá àgbà ń jẹ abọ́ ìrẹsì kan lóòjọ́, kì í sì í ṣe abọ́ ńlá. Dókítà tó wá láti ìsàlẹ̀ ní àìsàn kankan kò ṣe wọ́n. Mo bi í pé kí ló wá ń pa wọ́n kú lọ. Ó ní ìbéèrè dáadáa ni.

Pàkúté náà wà níwájú ilé. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀rọ tí a fi ń wọ́ igi gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo rò pé wọ́n fẹ́ fún àwọn tí ń ra irin àlòkù ni. Ó wà láàárín ẹnu ọ̀nà àti ibi tí a so ráádìṣì rọ̀ sí, a ń fẹ̀gbẹ́ gbà á kọjá. Láràárọ̀, wọ́n á jókòó tì í lórí garawa yẹn. Mo mú sípánà lọ́jọ́ kan láti tú irin pẹlẹbẹ náà, kí ojú mi lè sinmi. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e.

Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, bóòtù mẹ́rin péré ni."

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo gé e? Ẹni tó gé e ni mo dí i mọ́ lójú. Òun ló máa ṣí i."

Mo ní kí n pè yín lórí fóònù kí ẹ gbọ́. Wọ́n ní a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún èèyàn nínú fóònù. Ní ọjọ́ kejì, n kò rí sípánà mi mọ́. Wọ́n ti gbé e pamọ́, mo sì fura pé inú dúrọ́ọ̀ abẹ́ pẹpẹ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irun béárì.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ wálé kí ọdún tó yí. Ẹ má dúró de ìsinmi. Mo mọ̀ pé ẹ lè bínú, ó sì tọ́ kí ẹ bínú. Ṣùgbọ́n ẹ wá bínú níbí, kí wọ́n gbọ́ ọ. Àìgbọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹun. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni sípánà bóòtù náà. Ẹ mú tiyín dání.

Mo fi fọ́tò kan sínú lẹ́tà yìí fún Misato. Ọmọ Aláàbọ̀ Oṣù nìyẹn, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó kọjá, nídìí òpó oyin. Kò ga tó oyin náà, ó kàn nàró ni, ó ń wòkè. Ẹ wo àyà rẹ̀: oṣù tirẹ̀ pé, kò gé. A kò tíì rí i mọ́ láti ìgbà náà. Ó lè jẹ́ pé ó ti rí igi tí yóò sùn sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, yóò jí ní oṣù Kẹrin, ebi yóò sì máa pa á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà mi kò ní ọ̀nà tí ó fi lè mọ̀. Ẹ má sọ ìyẹn fún Misato. Ẹ sọ fún un pé ó ń sùn.

Ìyá Tokie ní kí n kí yín kú ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì fi kákì gbígbẹ ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Wọ́n ṣì ń kéde ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí i padà láìgbàṣẹ. Wọn kì í sọ pé kí a ṣọ́ra mọ́. Wọ́n á ní, "Ọmọ béárì kan wà lókè. Bí ẹ bá rí i, ẹ yà fún un." Ẹni mẹ́sàn-án la jẹ́, gbogbo wa la sì ti gbọ́, síbẹ̀ wọ́n ń tún un sọ.

Ó ku ohun kan. Mo ti fi gbogbo lẹ́tà yìí yí i ká bí ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ ráádìṣì.

Ní ọjọ́ kẹta tí Bàbá àgbà dí ihò náà, mo gba ibẹ̀ kọjá lọ pààrọ̀ bátìrì kámẹ́rà. Mo rí irin pẹlẹbẹ náà. Mo mọ ohun tó jẹ́. Nínú gbogbo Kuwadani, èmi nìkan ni ìjọba ń sanwó fún láti mọ ohun tó jẹ́. Mo yọ ìwé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago: "Orí pàkúté ti dí. Sọ fún Bàbá." Mo kọ ọ́ dáadáa, ó ṣeé kà dòní. Lẹ́yìn náà ni mo ro orúnkún wọn, mo ro ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, mo ro ariwo tí wọn yóò pa, mo ní bó bá di ọ̀la. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí ìjì jà. Gbogbo ọjọ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló ní ọ̀la tirẹ̀.

N kò tíì sọ fún wọn. Wọ́n rò pé àwọn nìkan ni. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún, nítorí pé láti kékeré, ẹ̀yin lẹ máa ń bá mi dúró kí n tó jẹ́wọ́. Bí ẹ bá dé, ẹ tú bóòtù méjì níwájú Bàbá àgbà, kí ẹ sì gbé sípánà fún mi. Méjì tó kù, tèmi ni.

Èmi ni àbúrò yín tí ń wọ̀nà,
Yasuki.